Kí Ni Ó Ń Lé Wa Yí Adágún Ká?

Ní ìgbà ooru tí ó kọjá, ìyá ọ̀kan nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ wá láti Ìjẹ̀bú-Òde wá wo ọmọ wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ náà mú wọn wá sí etí adágún tí ó wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ Burgess, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Kent Road, kí wọ́n lè rí ibi tí a máa ń lọ nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá parí. Màmá jókòó sórí àga gbọọrọ etí omi, wọ́n wé gèlè, wọ́n wọ kóòtù nínú ooru, wọ́n ń wò wá. Ènìyàn rẹpẹtẹ ni ó ń sáré kọjá níwájú wọn: ọmọdé, arúgbó, obìnrin tí ó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, ọkùnrin tí ajá rẹ̀ ń sáré ṣíwájú. Nígbà tí àwa náà parí tiwa, tí a ń mí hẹlẹhẹlẹ, màmá wò wá láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń lé yín?"

A rẹ́rìn-ín títí. Òwe tí a ti ń gbọ́ láti kékeré ni màmá fi bá wa wí: ẹnìkan kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. A dé ilé, a jẹun, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn wa. Ta ni ó gbẹ́ adágún yìí? Ta ni ó la ọ̀nà tí a ń sá lórí rẹ̀? Ta ni ó ń gbé ibẹ̀ kí ó tó di koríko? Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń gbé Peckham láti ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, a kò sì mọ̀ ju pé bọ́ọ̀sì ń kọjá níbẹ̀ lọ. Nítorí náà ni a ṣe wá ìtàn náà lọ, ohun tí a sì rí ni a kọ sílẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. "Sá eré" ni a sún kì tí ó fi di "sáré", eré tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí eré tí ọmọdé ń ṣe lábẹ́ òṣùpá. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá ń sáré ní ilẹ̀ wa, ọ̀ràn ti dé nìyẹn. Àwọn ìlàrí Aláàfin ń sáré nítorí pé ọba rán wọn níṣẹ́. Oyè Sárépawo wà ní ìlú púpọ̀, ẹni tí ó ń sáré lọ pe awo jọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀. Ogun náà sì ń lé ènìyàn. Ogun ni ó lé àwọn ará Ọ̀yọ́ Ilé wá sí ìhà gúúsù ní ọ̀rúndún 19. Ogun ni ó lé àwọn Ẹ̀gbá títí wọ́n fi dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Bí a bá wò ó dáadáa, ẹsẹ̀ tí ń sáré ni ó tẹ ìdajì àwọn ìlú wa dó. Kí ènìyàn máa wọ ṣòkòtò péńpé, kí ó máa yí omi ká, kí ó sì padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, láìjíṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni kò yé màmá.

Ẹ wá gbọ́ ti omi náà. Àwọn adágún tí a ń rí nínú àwòrán ilẹ̀ Swítsàlandì, láàárín òkè Alps, yìnyín ayébáyé ni ó gbẹ́ wọn. Ti Peckham kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ ẹ ní 1982, wọ́n sì tẹ́ ike líle sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má baà rì sínú ilẹ̀. Àwa tí a dàgbà sí Ìbàdàn kò ní fi èyí ṣe ìyàlẹ́nu, nítorí pé adágún Ẹlẹ́yẹlé náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é ní 1942, nígbà tí wọ́n sé odò Ọ̀nà kí ará ìlú lè rí omi mu. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òùngbẹ ni ó bí Ẹlẹ́yẹlé, ṣùgbọ́n ìgbafẹ́ ni ó bí ti Burgess. Síbẹ̀ àwọn ẹyẹ kò mọ ìyàtọ̀. Pẹ́pẹ́yẹ wà níbẹ̀, àkọ̀ wà níbẹ̀ tí ó ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí ẹni tí ó jẹ gbèsè, ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn tí Òyìnbó ń pè ní swan sì wà níbẹ̀, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn bí ó bá ní ọmọ. Àwọn bàbá kan máa ń jókòó sí bèbè láti òwúrọ̀ dé alẹ́, wọ́n ń fi ìwọ̀ pẹja, bí wọ́n bá sì rí ẹja náà mú, wọ́n á tú u padà sínú omi. Màmá ní kí a bi wọ́n bóyá ara wọn yá.

Ṣùgbọ́n omi mìíràn ti wà ní agbègbè yìí kí adágún tó dé, omi náà sì ni ó ni ìtàn. Ní 1801 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fi òfin gbà kí ilé iṣẹ́ kan gbẹ́ odò àtọwọ́dá láti Rotherhithe, létí odò Thames, kí ó lọ títí dé Mitcham. Grand Surrey Canal ni wọ́n pè é. Owó kò tó, odò náà kò sì dé Mitcham títí tí ó fi kú. Camberwell ni ó ti dúró, ní nǹkan bí 1811. Ní 1826 ni wọ́n la ẹ̀ka kan tí ó gùn tó ìdajì máìlì wọ àárín Peckham. Gẹdú, èédú àti ẹrù ìkọ́lé ni wọ́n ń kó gba orí rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò ní ẹ̀rọ ní ìgbà náà. Ẹṣin ni wọ́n so okùn mọ́, ẹṣin á máa rìn létí omi, ọkọ̀ á máa tẹ̀lé e. Nítorí ẹṣin yìí ni wọ́n ṣe fi ilẹ̀ tóóró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ máa ń bá wa sáré, ilẹ̀ tóóró náà ni ẹ ń tẹ̀. Nígbà tí a bá pàdé níwájú ilé ìkàwé Peckham, tí a yí ẹ̀yìn sí ọjà, tí a kọ ojú sí Old Kent Road, ọ̀nà tí ó lọ gbọọrọ níwájú wa tí kò yà sọ́tùn-ún tí kò yà sósì, ẹ̀ka odò ti 1826 ni. Surrey Canal Walk ni orúkọ rẹ̀ nísinsìnyí. Wọ́n ti fi yẹ̀pẹ̀ dí odò náà, wọ́n sì gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ojú sókè nígbà tí ẹ bá ń kọjá lábẹ́ afárá: ẹ ó rí i pé afárá tí ọkọ̀ ojú omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá nígbà kan ni. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń sáré lábẹ́ títì dípò kí a dúró de ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀nà. A kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí a ti mọ̀ ọ́n, kò sí bí a ṣe lè gba ibẹ̀ kọjá kí a má ronú kan ẹṣin náà, tí ẹrù ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, tí pàṣán ń bẹ lórí rẹ̀. Òun kò wá ṣe ìgbafẹ́.

Bí a bá dé inú ọgbà Burgess tán, àwọn ohun kan ń bẹ tí wọ́n dúró sí àárín koríko bí àlejò tí kò mọ ẹni tí òun wá kí. Iléru ńlá kan wà níbẹ̀, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1816, níbi tí wọ́n ti ń sun òkúta ẹfun fún ìkọ́lé. Ọkọ̀ odò ni ó ń kó òkúta náà wá. Afárá irin kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n ṣe ní 1906, kò sí omi lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí títì lórí rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Afárá Tí Kò Lọ Síbì Kankan. A máa ń gùn ún lọ gùn ún bọ̀ láti fi ṣe ẹsẹ̀ le. Ilé ìwẹ̀ àti ilé ìkàwé àtijọ́ wà ní Wells Way, àwòrán labalábá ńlá kan sì wà lára ògiri rẹ̀. Labalábá náà ń jẹ́ Camberwell Beauty, nítorí pé ní àdúgbò Camberwell ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí ní 1748. Ara ilé iṣẹ́ bébà kan ni àwòrán náà wà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1982 tí wọ́n wó ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n gbé e wá síbẹ̀. Wọ́n wó ilé, wọ́n tọ́jú labalábá.

Èyí ni ó mú wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní ọgbà Burgess lónìí, nǹkan bí hẹ́kítà 56, ilé ni ó kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀: ilé gbígbé tí ó fara kanra, ilé iṣẹ́, ilé ọtí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́. Ìdílé òṣìṣẹ́ ni ó ń gbé ibẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ òfúrufú Jámánì ń wá èbúté Surrey Docks, níbi tí gẹdú pọ̀ sí. Ní 7 September 1940 iná sọ níbẹ̀ tí gbogbo gúúsù Lọ́ńdọ̀nù fi rí i. Ìhà àríwá Camberwell kò jìnnà sí èbúté, odò sì wà láàárín rẹ̀, nítorí náà bọ́ǹbù kò dá a sí. Ogun kò tíì parí nígbà tí àwọn ayàwòrán ìlú, Patrick Abercrombie àti J. H. Forshaw, gbé ètò jáde ní 1943 lórí bí wọn yóò ṣe tún Lọ́ńdọ̀nù ṣe. Wọ́n ní ó yẹ kí éékà ilẹ̀ gbalasa 4 wà fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Agbègbè yìí kò ní ibi tí ọmọdé lè ti tàkìtì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fa ìlà sórí bébà pé ọgbà ńlá kan yóò wà níbẹ̀.

Ìlà orí bébà rọrùn láti fà. Lẹ́yìn ogun, ọdún lé ní ọgbọ̀n ni wọ́n fi ń ra ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń wó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ London County Council bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Greater London Council gbà á ní 1965, nígbà tí wọ́n sì fòpin sí ìyẹn ní 1986, ó bọ́ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Southwark. Ní gbogbo ìgbà náà, koríko díẹ̀ wà níhìn-ín, ilé mẹ́ta wà lọ́hùn-ún, títì kan gba àárín rẹ̀ kọjá tí kò sí ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Èbúté Surrey Docks ti ìlẹ̀kùn ní 1970, odò àtọwọ́dá náà sì kú tẹ̀lé e. Ní 1973 ni wọ́n fún ọgbà náà ní orúkọ Jessie Burgess, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ olórí ìlú Camberwell. Inú wa dùn pé obìnrin ni, ẹni tí ó sin ìlú, dípò ọ̀gágun kan tí ó lọ ja ìlú onílùú.

Ta ni ó jàǹfààní, ta ni ó pàdánù? A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé a kò mọ oore. Ọgbà náà dára, ẹ̀dọ̀fóró wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ Èkó mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ìjọba wá wó ilé ẹni nítorí àǹfààní gbogbo ènìyàn. Láti 1955 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí wó apá kan Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè, tí ọjà jìnnà sí, tí ẹbí sì túká. Ní July 1990 wọ́n wó Màrókò, àwọn tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ kò sì rí ọgbà ìgbafẹ́ kankan níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ilé olówó ni wọ́n rí. Ti Peckham sàn ju ti Màrókò lọ ní ti pé ẹnikẹ́ni lè wọ ọgbà náà láìsan kọ́bọ̀. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ẹni tí wọ́n wó ilé bàbá rẹ̀ kò sunkún.

Ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà náà gan-an ni ilé gogoro Aylesbury Estate wà, èyí tí wọ́n kọ́ láàárín 1963 sí 1977. Ẹgbẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó gbé ibẹ̀, àwọn ará wa pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, yàrá ẹ̀gbọ́n yín níbẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ sùn nígbà tí ẹ dé. Ibẹ̀ ni Tony Blair ti sọ̀rọ̀ ní June 1997 nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ìjọba, tí ó ṣèlérí pé wọn kò ní gbàgbé aláìní. Ní 2005 ni ìjọba ìbílẹ̀ pinnu láti wó o, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń wó o díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ ilé mìíràn sí i. Wọ́n tún ọgbà Burgess ṣe, wọ́n fẹ adágún rẹ̀ sí i, wọ́n sì ṣí i padà ní 2012. Nígbà tí a bá yí adágún náà ká, ilé tuntun tí ó kọ ojú sí omi ni a ń wò. Iye tí wọ́n ń ta ilé tí ó ń wo adágún, ẹ jẹ́ kí a fi sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní ẹsẹ̀ dáadáa, kí ó bá wa lọ ọ̀nà kejì, tí ó gòkè lọ sí ìhà gúúsù. Peckham Rye ni a máa ń kọ́kọ́ kàn. Ilẹ̀ àjùmọ̀ní ni láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí onílẹ̀ ní òun ní ẹ̀tọ́ láti kọ́lé sí i, ìgbìmọ̀ àdúgbò Camberwell ra ẹ̀tọ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1868. Ní 1894 ni wọ́n fi ilẹ̀ oko kan kún un, tí wọ́n sì ṣí ọgbà tí ó ní adágún kékeré nínú. Níbẹ̀ ni William Blake, akéwì náà, ti sọ nígbà tí ó wà ní ọmọdé pé òun rí igi kan tí ó kún fún áńgẹ́lì. Bàbá rẹ̀ fẹ́ nà án pé ó ń purọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, ilé babaláwo ni wọn ì bá kọ́kọ́ gbé e lọ.

Láti ibẹ̀ a lè yà sí itẹ́ òkú Nunhead, tí wọ́n ṣí ní 1840. Ilé iṣẹ́ tí ó ni ín pa á tì, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní 1969. Ní 1975 ìjọba ìbílẹ̀ Southwark rà á ní pọ́n-ùn kan ṣoṣo. Nígbà tí wọn yóò fi padà wọ inú rẹ̀, igbó ti gbà á. Dípò kí wọ́n ṣán gbogbo rẹ̀, wọ́n dá igbó náà sí fún igi, ẹyẹ àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Àwọn kan nínú wa kì í wọ ibẹ̀ rárá. Wọ́n ní àwọn kò wá kàwé ní ìlú Òyìnbó kí òkú Òyìnbó wá máa bá àwọn sáré. A kì í bá wọn jiyàn.

Òkè tí ó tẹ̀lé e, One Tree Hill, ni a fẹ́ràn jù. Ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún 19, ẹgbẹ́ àwọn agbágọ́ọ̀fù kan gba òkè náà, wọ́n sì fi ọgbà yí i ká kí ẹnikẹ́ni má baà gun orí rẹ̀ mọ́. Àwọn ará àdúgbò ní láti ayé àwọn bàbá àwọn ni àwọn ti ń gun òkè náà. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, wọ́n kọ̀wé títí, ìwé kò gbọ́. Ní October 1897, ní ọjọ́ Sunday, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tú jáde, wọ́n wó ọgbà náà lulẹ̀, wọ́n sì gùn ún dé òkè. Ní Sunday kejì wọ́n tún padà wá, ọlọ́pàá sì ti dúró dè wọ́n. Wọ́n mú àwọn kan. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò tán síbẹ̀. Wọ́n ń bá a lọ títí ìjọba Camberwell fi gba òkè náà tí wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní August 1905. Òun náà ti di ilẹ̀ tí a dá sí fún igi àti ẹranko. Bí ẹ bá gun orí rẹ̀ ní òwúrọ̀ tí kùrukùru kò sí, ẹ ó rí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù títí dé ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's. Ẹ rántí pé àwọn tí kò ní owó gọ́ọ̀fù ni ó gbà á fún yín.

Ṣé àwa adúláwọ̀ wà nínú ìtàn yìí kí bọ́ọ̀sì tó gbé wa wá? A wà níbẹ̀. Ní ojúlé 164, Queen's Road, Peckham, ni Dókítà Harold Moody gbé, ọmọ Jàmáíkà tí ó wá kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní 1904. Nítorí àwọ̀ rẹ̀ wọn kò gbà á síṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ó sì ṣí tirẹ̀ ní Peckham ní 1913. Ní 1931 ó dá ẹgbẹ́ League of Coloured Peoples sílẹ̀, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá WASU sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí onílé bá lé, ilé Moody ni wọ́n ń júwe fún un. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Harold Moody, wà lára àwọn tí ó ju irin fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti 1948 ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín. Ẹni kan náà tún wà nínú ẹgbẹ́ eléré ìdárayá ọdún náà tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀: Adégbóyèga Adédoyin, ọmọ Akárígbò Rẹ́mọ, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Belfast. Ó fo sókè, ó sì fo síwájú. Ní ìfosíwájú, ipò karùn-ún ni ó gbà ní gbogbo ayé. Akẹ́kọ̀ọ́ bí àwa ni.

Síbẹ̀, kí adúláwọ̀ máa sáré ní títì Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ohun kékeré. Òfin kan wà tí wọ́n ti ṣe láti 1824 nítorí àwọn alárìnkiri. Ó fún ọlọ́pàá ní àyè láti mú ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó fẹ́ jalè, bí kò tilẹ̀ tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ ni wọ́n ń fi mú jù. Ọdún 1981, tí rògbòdìyàn Brixton ṣẹlẹ̀, ni wọ́n tó pa ẹ̀ka òfin náà rẹ́. Bàbá kan tí wọ́n kàwé níhìn-ín ní ìgbà náà sọ fún wa pé bí bọ́ọ̀sì bá ti fẹ́ já àwọn sílẹ̀, àwọn kì í sáré tẹ̀lé e. Wọn á dúró, wọn á jẹ́ kí ó lọ, wọn á dé kíláàsì lẹ́yìn àkókò. Wọ́n ní, "Bí mo bá sáré, wọ́n á bi mí pé kí ni mo jí." Ìbéèrè kan náà tí màmá bi wá ni, ṣùgbọ́n ẹnu tí ó ti jáde yàtọ̀.

A kò sì lè mẹ́nu kan ọ̀nà yìí kí a má dárúkọ Dàmílọ́lá Taylor. Ọmọ ọdún 10 ni, oṣù díẹ̀ péré ni ó tíì lò láti ìgbà tí ó ti Èkó dé, nígbà tí ó jáde kúrò ní ilé ìkàwé Peckham ní 27 November 2000, tí ó ń lọ sí ilé. Kò dé ilé. Níwájú ilé ìkàwé náà ni a ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ dá eré Sátidé yìí sílẹ̀, àwọn òbí kan láti ilé pè wá pé ṣé Peckham yẹn náà ni. A ní òun ni.

Ẹ ó ti rí i pé kì í ṣe àwa nìkan ni a ń sáré ní Sátidé. Ètò parkrun, tí ènìyàn 13 bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà Bushy ní 2 October 2004, ti tàn ká ayé. Ó wà ní Burgess, ó sì wà ní Peckham Rye. Kìlómítà 5 ni, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí ó bá fẹ́ rìn lè rìn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ń bá wọn sá a. Àwa yòókù fẹ́ràn láti máa lọ ní tiwa, nítorí ọ̀rọ̀ sísọ. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni a ń pàdé níwájú ilé ìkàwé. Ẹni tí ó bá pẹ́, kí ó má ṣe dá wa dúró. Ọ̀nà náà kò yà, yóò bá wa létí adágún.

Màmá ti padà sí Ìjẹ̀bú. Ní Sátidé tí ó ṣáájú ìrìn àjò wọn, wọ́n ní kí a mú àwọn yí adágún náà ká, kí àwọn lè mọ ohun tí àwọn yóò sọ nílé. Wọ́n rìn ni, wọn kò sáré. Ó gba wákàtí kan gbáko, nítorí pé obìnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó rí gèlè wọn tí ó sì kúnlẹ̀ kí wọn lójú ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ará Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó mọ àbúrò wọn.